Fífìka lu ara nígbà tí ọkàn ò bá balẹ̀: àwọn ìbéèrè tí ẹ̀ ń bi mí

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjà, ẹ kú ọ̀nà. Láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) dé Kétu, títí kan àwọn èèyàn wa ní Ṣábẹ̀ẹ́, ìbéèrè kan náà nípa tápíìn, ìyẹn fífìka lu ara, ni gbogbo yín ń fohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, mo wá kó wọn jọ síbí, kí kálukú wá èyí tó kàn án. Èmi kì í ṣe dókítà o. Mo kọ́ ọ ni, mo ń lò ó, mo sì ń fi han àwọn èèyàn, mi ò gba sẹ́fà kankan lọ́wọ́ ẹnì kankan.

Kí tiẹ̀ ni tápíìn yìí gan-an?

Ìka méjì lẹ ó fi máa lu àwọn ojú ibì kan lára yín jẹ́jẹ́, ní ojú, ní àyà, ní abẹ́ apá, bẹ́ ẹ ṣe ń lù ú lẹ ó máa fẹnu ara yín sọ ohun tó ń dà yín láàmú. Ó parí. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí àgbo, kò sí hóró oògùn kankan. EFT, ìyẹn Emotional Freedom Techniques, lorúkọ tí wọ́n ń pè é, Amẹ́ríkà ló sì ti wá. Roger Callahan, onímọ̀ nípa ìrònú èèyàn, ló kọ́kọ́ gbé irú ẹ̀ jáde láwọn ọdún 1980 sókè, ó mú un látinú ìṣègùn àwọn ará Ṣáínà, àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ gún ara yẹn, àmọ́ tiẹ̀ lọ́jú pọ̀ díẹ̀, ibi tí wọ́n á lù fún ẹ̀rù ọ̀tọ̀, ibi tí wọ́n á lù fún ìbínú ọ̀tọ̀. Gary Craig tó kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹ̀, ẹnjiníà sì lòun o, ló wá gé e kúrú nígbà tó di bí ọdún 1995, ó sọ ọ́ di ìlànà kan ṣoṣo fún gbogbo nǹkan. Tiẹ̀ yẹn la ń ṣe.

Kí ló dé tí àyà mi á máa lù kìkì nígbà tí kò sí ohun tó ń lé mi?

Ohun kan ń lé yín, ẹ kàn ò rí i lójú ni. Ibì kékeré kan wà nínú ọpọlọ tó ń ṣọ́ ewu, amygdale ni wọ́n ń pè é ní Faransé, òun ò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ejò tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ àti ẹni tó ń bọ̀ wá gbowó tẹ́ ẹ yá. Tó bá ti fura báyìí, adrénaline, kẹ́míkà tí ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ tẹ́rù bá dé, á tú jáde, àyà á máa sáré, iṣan á le, inú á máa ru, ìtọ̀ á máa gbọ̀n yín, tó bá wá pẹ́, cortisol, kẹ́míkà ìdààmú míì, á tẹ̀ lé e, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí oorun wá. Mímí helehele tún ń dá kún un. Tí èèyàn bá ń mí yára jù, ó ń tú gaz carbonique tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ síta jù, òòyì á máa kọ́ ọ, ìka ọwọ́ àti ètè á máa ṣe wìrìwìrì, á wá rò pé ikú ló dé yẹn. Kì í ṣe ikú. Àmọ́ ẹ ka ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn nísàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó gba èyí gbọ́ tán.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àwọn fídíò yẹn yára jù.

Ó dáa, ẹ jókòó. Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹ má kó gbogbo wàhálà ayé yín dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bi ara yín pé láti 0 dé 10, báwo ló ṣe le tó nísinsìnyí? Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn.

Ẹ wá fi ìka ọwọ́ kan máa lu ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ kejì, nísàlẹ̀ ọmọńdinrín, kẹ́ ẹ sọ gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀mẹta: bí nǹkan báyìí tilẹ̀ ń dà mí láàmú, mo gba ara mi bí mo ṣe wà. Lẹ́yìn náà, ẹ lu àwọn ojú ibi yìí níkọ̀ọ̀kan, bíi ẹ̀ẹ̀meje síbi kọ̀ọ̀kan: ibi tí irun òkè ojú ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, eegun ẹ̀gbẹ́ ojú lápá etí, eegun abẹ́ ojú, àárín imú àti ètè, ibi tó kó wọnú lókè àgbọ̀n, abẹ́ eegun tó gba ìsàlẹ̀ ọrùn lọ sí èjìká, lẹ́yìn ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ara lábẹ́ abíyá níbi tí okùn kọ́mú àwọn obìnrin máa ń gbà, kẹ́ ẹ wá parí ẹ̀ sí àtàrí. Níbi kọ̀ọ̀kan ẹ ó máa sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú nípa nǹkan náà. Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ mí kanlẹ̀, ẹ tún bi ara yín pé ó kù mélòó nínú 10. Ẹ tún un ṣe bó bá ṣì ga.

Ẹ jẹ́ n fi ti tántì kan hàn yín, tòmátì ló ń tà lọ́jà Ouando. Ọjọ́bọ̀ ni àwọn tó yá a lówó máa ń wá gbà á, láti alẹ́ Ọjọ́rú loorun sì ti máa ń dá lójú ẹ̀. Mo ní kí wọ́n sọ gbólóhùn yẹn tẹ̀ lé mi, wọ́n wò mí, wọ́n ní "kí ni mo gba ara mi bí mo ṣe wà, bí mo ṣe wà yìí náà ni mi ò fẹ́." Mo ní ẹ sọ tiyín nígbà náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ wọn tí oje tòmátì ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ní: "Bí owó yìí tilẹ̀ ń lé mi kiri, ọmọ èèyàn lèmi náà, mi ò ní torí ẹ̀ kú." Lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tá a dé ojú, wọ́n ń sọ pé owó Ọjọ́bọ̀, owó Ọjọ́bọ̀. Lábẹ́ imú wọ́n ní, ojú tí ọmọkùnrin tó ń wá gbowó yẹn fi ń wò mí. Mo rò pé owó là ń bá jà, àṣé ojú ọmọdé tó ń wo àgbà tìkà tẹ̀gbin níṣojú àwọn oníbàárà ni. Ibẹ̀ la dúró sí, ojú yẹn la wá ń lù títí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 9, wọ́n bá a dé 4. Owó ò dín kù o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì wọ́n rẹ́nu sọ fáwọn tó wá gbowó pé kí wọ́n gba ìdajì, kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, dípò kí tántì sá fara pa mọ́ sẹ́yìn ìsọ̀ bíi tàtẹ̀yìnwá.

Ṣé dandan ni kí n sọ ọ́ ní Faransé bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú fídíò?

Rárá kẹ̀. Èdè tẹ́ ẹ fi ń sunkún ni kẹ́ ẹ fi sọ ọ́. Yorùbá, Gùn, èyíkéyìí.

Àwọn àgbà ní kéèyàn má fẹnu ara ẹ̀ pe ibi. Ṣé àfọ̀ṣẹ kọ́ nìyí, kí n jókòó máa sọ ohun tí mi ò fẹ́ lẹ́nu mi?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, àwọn tó ń kọ́ni lókè òkun ò sì ní í dáhùn ẹ̀ torí wọn ò mọ̀ pé ó wà. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣọ́ ni bẹ́ ẹ ṣe máa gbé e kalẹ̀. Ẹ má sọ pé "màá feélì nínú ìdánwò yìí." Ẹ sọ pé "ẹ̀rù ń bà mí pé mo lè feélì." Èkejì yẹn kì í ṣe ibi tẹ́ ẹ̀ ń pè, ohun tó ti wà nínú yín láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, ẹ kàn jẹ́wọ́ ẹ̀ ni. Èmi rò pé ibẹ̀ gan-an ni agbára nǹkan yìí wà: ohun téèyàn ń sá fún lọ́sàn-án lóru, ó yíjú sí i, ó dárúkọ ẹ̀, ara ẹ̀ sì wà ní ìdákẹ́jẹ́ bó ṣe ń dárúkọ ẹ̀, ọpọlọ á wá rí i pé kò sí ejò níbẹ̀. Tí ẹnu bá ṣì ń wúwo, ẹ fi "ó sì ń rọlẹ̀ lọ" parí gbólóhùn yín. Àwọn kan máa ń fi àmín parí ẹ̀, ẹ̀rín máa ń pa mí, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó bà jẹ́.

Ẹ ní ká lu àtàrí. Ṣé èèyàn máa ń lu orí ni?

Orí ara yín ni, ọwọ́ ara yín ni. Ṣebí ọwọ́ yìí kan náà la ń gbé lé e táa ń sọ pé orí mi gbè mí o. Jẹ́jẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣe é, kò yẹ kó dùn yín. Tẹ́ ò bá fẹ́, ẹ fò ó, kò sóhun tó máa dín. Ohun témi ò fẹ́ ni pé kẹ́ ẹ jẹ́ kẹ́ni tẹ́ ò mọ̀ rí máa gbọ́wọ́ lé yín lórí nítorí ó ní òun mọ tápíìn.

Mùsùlùmí ni mí, àwọn kan ní idán ni. Ìyàwó mi tó ń lọ Sẹ́lẹ́ náà ní wòlíì àwọn ò ní fọwọ́ sí i.

Nínú ìlú Àjàṣẹ́ yìí ni Oshoffa ti dá ìjọ Sẹ́lẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1947, mọ́ṣáláṣí ńlá wa náà sì rí bíi ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Bùràsíìlì, kí n má purọ́, ẹni tó bá lè gbé irú ìlú yìí yẹ kó lè fọwọ́ kan àgbọ̀n ara ẹ̀ láìjẹ́ pé ó ṣẹ̀. Tápíìn ò ké pe ẹ̀mí kankan, kò ní àdúrà tiẹ̀. Èyí táwọn kan ń sọ pé agbára kan ń ṣàn gba inú ara kọjá, èrò àwọn ará Ṣáínà nìyẹn, ẹ lè ṣe é láìgbà á gbọ́. Ẹ bi álúfà tàbí wòlíì yín tọ́kàn yín bá ń dá yín lẹ́bi, torí ọkàn tó ń dáni lẹ́bi ò lè balẹ̀.

Ṣé ìwádìí kankan wà, àbí ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù lásán ni?

Ìwádìí wà, ó sì lójú méjì. Lọ́dún 2012, Dawson Church àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó èèyàn 83 jọ, wọ́n pín wọn sọ́nà mẹ́ta: àwọn kan ṣe tápíìn fún wákàtí kan, àwọn kan bá olùtọ́jú sọ̀rọ̀, àwọn yòókù sinmi. Wọ́n yẹ itọ́ wọn wò ṣáájú àti lẹ́yìn ẹ̀, cortisol àwọn tó ṣe tápíìn fi bíi ìdá 24 nínú 100 wálẹ̀, tàwọn ìyókù fi bíi 14. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ fi sọ́kàn pé Church fúnra ẹ̀ ń kọ́ni ní EFT, iṣẹ́ ẹ̀ ni.

Èkejì nìyí, òun ló sì ṣe pàtàkì jù sí èmi. Lọ́dún 2003, Waite àti Holder ní Kánádà mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 119 tí ohun kan ń bà lẹ́rù. Àwọn kan lu ojú ibi tí wọ́n kọ́ wa yìí, àwọn kan lu ibòmíì lára tí kò sí nínú ìlànà rárá, àwọn kan lu bèbí, bèbí lásán o, àwọn kan ò lu nǹkan kan. Ẹ̀rù àwọn mẹ́ta tó lu nǹkan dín kù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹni tó lu bèbí rí ìtura bí ẹni tó lu ojú ara ẹ̀!

Ohun témi mú níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ ẹ̀ kì í ṣe irọ́, àmọ́ kì í ṣe ojú ibi ló ń ṣiṣẹ́. Kéèyàn kojú ohun tó ń bà á lẹ́rù díẹ̀díẹ̀, kó máa mí, kí ọwọ́ ẹ̀ máa ṣe ohun kan tó bá ìlù mu, kó gbọ́ ohùn ara ẹ̀, àwọn wọ̀nyẹn ló jọ pé wọ́n ń mú ara rọlẹ̀. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá gbàgbé abẹ́ imú, ẹ má dá a dúró, ẹ máa lọ.

Ẹnì kan ní òun máa kọ́ mi ní àwọn ojú ibi àṣírí, 50.000 sẹ́fà ló ń gbà. Kí n san án?

Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ọ̀rọ̀ bèbí tán. Ẹ fowó yín ra ìrẹsì.

Ọmọ mi fẹ́ ṣe bákì, tó bá ti rí ìwé ìdánwò báyìí gbogbo nǹkan ló ń fò lọ lórí ẹ̀. Ó ṣeé ṣe nínú kíláàsì láìjẹ́ kí wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́?

Ó ṣeé ṣe. Kó ṣe odindi ẹ̀ nílé láàárọ̀ kó tó jáde. Tó bá dé inú kíláàsì, kó fi àtàǹpàkò máa tẹ orí ìka ọwọ́ kan náà níkọ̀ọ̀kan lábẹ́ tábìlì, kó máa mí wọlé fún kíkà mẹ́rin, kó mí síta fún kíkà mẹ́fà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mímí síta tó gùn ju mímí wọlé lọ yẹn ń dín eré àyà kù.

Ọ̀kan tún wà tó wuyì fún àwọn ọmọ, kì í ṣe EFT, àwọn Faransé ń pè é ní câlin papillon. Lucina Artigas ló gbé e jáde ní Acapulco ní Mẹ́síkò lọ́dún 1998, nígbà tó ń tọ́jú àwọn ọmọ tí ìjì Pauline ba ilé wọn jẹ́. Ẹ ká apá mọ́ àyà, ọwọ́ ọ̀tún sí òsì, tòsì sí ọ̀tún, kẹ́ ẹ máa lu ìsàlẹ̀ èjìká jẹ́jẹ́, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, ojú á wà ní dídì díẹ̀. Àwọn ọmọ yára mú un ju tiwa lọ.

Ẹ sọ fún un o: tápíìn ò mọ maths. Ẹni tí ò kàwé, ẹ̀rù tó ń bà á yẹn, ẹ̀rù òdodo ni.

Tó bá ká mi mọ́ lóru ńkọ́, àyà á kàn já lójijì, ìmí á fẹ́rẹ̀ẹ́ dá?

Ẹ dìde jókòó, ẹ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Ẹ má wá gbólóhùn kankan, ẹ kàn máa lu abẹ́ eegun ọrùn yẹn kẹ́ ẹ sì máa mí síta pẹ́. Irú ẹ̀ sábà máa ń ga dé góńgó láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà á máa wálẹ̀ fúnra ẹ̀.

Ìgbà wo ló yẹ kí n fi í sílẹ̀ kí n lọ ilé ìwòsàn?

Tí àyà bá ń dùn yín, ìrora náà wá ń lọ sí apá, ẹ̀yìn tàbí àgbọ̀n, òógùn tútù ń bo yín, ìmí ò já gaara, ẹ má lu nǹkan kan, ẹ jáde nílé. Ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà, tó ń gbọ̀n tó ń làágùn, kó wo ṣúgà ẹ̀ ná, ó lè ti lọ sílẹ̀ jù, ó sì máa ń jọ ẹ̀rù. Ibà náà lè mú kí àyà sáré. Ẹni tó ń lo oògùn tánsíọ̀n, ẹ má ṣe tìtorí pé ara tù yín lẹ́yìn tápíìn kẹ́ ẹ wá jáwọ́ nínú oògùn. Ẹ gbọ́? Mo ti rí ẹni tó fẹ́ ṣe é, ìyàwó ẹ̀ ló gba àpò oògùn lọ́wọ́ ẹ̀ tó ní "bàbá, ẹ máa lu ara yín, ẹ máa gbé èyí mì."

Tí oorun bá ti dá fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta, tí oúnjẹ ò wọlé mọ́, tí nǹkan kan ń sọ fún yín pé ó sàn kẹ́ ẹ kú, ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí, kì í ṣe lọ́la, kẹ́ni náà sì tẹ̀ lé yín lọ síbi ìtọ́jú. Ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ti ìjọba wà ní Kútọnù, èyí táráyé ń pè ní Jacquot. Nítòsí Àjàṣẹ́ níhìn-ín, ní Avrankou, ẹgbẹ́ Saint-Camille ní ilé ìtọ́jú kan. Ẹni tó dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀, Grégoire Ahongbonon, ọmọ agbègbè Kétu wa ni, iṣẹ́ táyà ló ń ṣe ní Kódífúà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn tí wọ́n so mọ́ igi tí wọ́n ní wèrè ni wọ́n. Mo sọ èyí torí pé ìtìjú ń pa ọ̀pọ̀ nínú wa, a ń rò pé tí wọ́n bá rí wa lẹ́nu ọ̀nà irú ibẹ̀, wọ́n á ní orí wa ti yí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wí.

Mo ní nǹkan ńlá tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní kékeré. Ṣé mo lè lù ú fúnra mi?

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, ẹ má sì dá nìkan ṣe é. Wọ́n ti lo irú ìlànà Callahan fún àwọn ọmọ tí ìpakúpa 1994 sọ di aláìlóbìí ní Ruwáńdà, àmọ́ àwọn tó kọ́ṣẹ́ ló jókòó tì wọ́n. Ẹ fi èyí tó kéré kọ́wọ́ ná, bí ariwo àna, bí ìjà ọjà. Èyí tó wúwo yẹn, ẹ wá ẹni tó mọṣẹ́.

Mo ṣe é, mo kàn ń yán, mo tún sunkún.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíì á gùnfẹ̀. Ẹ mu omi.

Èmi ṣe é, kò ṣiṣẹ́ rárá.

Kí lẹ sọ? Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní "gbogbo wàhálà mi", ìyẹn fẹ̀ jù, kò ní ọwọ́ téèyàn á fi gbá a mú. Ẹ sọ ọ́ bí tántì onítòmátì yẹn, ojú ta ni, ọjọ́ wo, níbo lára lẹ ti ń mọ̀ ọ́n.

Àmọ́ nígbà míì ọ̀rọ̀ ò sí nínú ọkàn, ìta ló wà. Obìnrin kan bi mí láti Ṣábẹ̀ẹ́ pé kí lòun lè máa lù tí ẹ̀rù ọkọ òun ò fi ní máa ba òun mọ́, mo bi í pé kí lọkọ ń ṣe, ó ní ó máa ń na òun. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rù yẹn ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ bó ṣe yẹ ni. Kò sí tápíìn fún ìyẹn, àwọn ẹbí ẹ̀ ni mo ní kó pè, kó sì wá ibi tó máa sùn.

Ẹ̀ẹ̀mélòó lójúmọ́?

Bó bá ṣe ká yín lára. Ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀ tó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀. Kò ní òṣùwọ̀n bíi oògùn.

Ọwọ́ ọ̀tún àbí tòsì? Aláboyún ńkọ́?

Ọwọ́ tó bá rọrùn, kò séèwọ̀ tòsì níbí. Aláboyún lè ṣe é jẹ́jẹ́, tọ́kàn ẹ̀ ò bá gbà á kó bi agbẹ̀bí ẹ̀. Ẹ má lu orí egbò tàbí ibi tó wú.

Ṣé mo lè ṣe é lórí zẹ́mí, alùpùpù akérò yẹn, ibẹ̀ gan-an lẹ̀rù ti ń bà mí jù?

Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn lẹ jókòó sí, ọwọ́ kan á di ibi ìdìmú lẹ́yìn, èkejì á máa lu abẹ́ eegun ọrùn. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ̀ ń wà á, ẹ fọwọ́ méjèèjì di mọ́tò mú jàre. Kẹ́ ẹ sì sọ fún onízẹ́mí pé kó rọra, ìyẹn yára ṣiṣẹ́ ju tápíìn lọ.